Saima Rautio Kọ̀ Láti Kú Nínú Ilé Ooru Bàbá Rẹ̀

Inú ilé ooru ni wọ́n bí Saima Rautio sí. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn ọmọ Finland tó tẹ̀dó sí Alder Falls láyé ìgbà náà, ibẹ̀ ni ìyá wọn ń wọ̀ lọ bí ìrọbí bá mú un, nítorí ibẹ̀ ló mọ́ jù nínú ọgbà, ibẹ̀ náà ló sì móoru jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń wẹ òkú wọn pẹ̀lú. Ọwọ́ ara Saima ló fi wẹ Onni ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí eruku kòtò tó ti ń wa bàbà pa á. Ó wẹ̀ ẹ́ tán, ó fọ ilẹ̀, nígbà tó di Sátidé ó tún dáná sí ààrò bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn kan sọ̀rọ̀ sí i. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ kí òun ṣe, kí òun máa dọ̀tí?

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, igi lórí igi. Yàrá ìbọ́ṣọ kan, yàrá ooru kan. Nínú yàrá ooru, ààrò wà tí wọ́n to òkúta lé lórí, pèpéle onígi wà tí èèyàn ń jókòó lé, kórobá omi wà àti ìgbakọ. O dáná títí òkúta á fi gbóná janjan, o da omi sí i, ooru á dìde, á gbá ọ létí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin bàbá rẹ̀ náà kò pọ̀. Má pariwo níbẹ̀. Má jà níbẹ̀. Bí Kérésìmesì bá ku ọ̀la, kí gbogbo ilé wẹ̀, kí ẹni tó bá kẹ́yìn da ìgbakọ omi kan sí òkúta, kó pa ilẹ̀kùn dé, kó máa lọ. Ooru ìkẹyìn yẹn, ti tontu ni.

Tontu ni àgbà kékeré tó ń ṣọ́ ilé ooru. Wọ́n ní ó ní irùngbọ̀n. Wọ́n ní abẹ́ pèpéle ló ń gbé, kò sì fẹ́ ariwo. Kò sẹ́ni tó rí i rí. Saima ò sọ pé òun gbà á gbọ́, kò sì sọ pé òun ò gbà á gbọ́. Ó kàn ń da omi rẹ̀ fún un lọ́dọọdún ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Saima bí, Rodney, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ mọ́tò ní Detroit. Ọmọ dáadáa ni. Wàhálà rẹ̀ kò ju pé ó ń bẹ̀rù lọ. Nígbà tó wá kí ìyá rẹ̀ lọ́dún tuntun 1984, ó bá abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi ń kán sínú rẹ̀ láti òkè.

“Màámi, ẹ wo òrùlé yìí.”

“Mo ti ń wò ó láti ìgbà òjò. Òun náà ń wò mí.”

“Ẹ ti dàgbà. Ẹ ṣì ń la igi. Lọ́jọ́ kan ẹ ó wọ inú ilé ooru yẹn ní ẹ̀yin nìkan, ẹ ò ní jáde mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀.”

“Waino aládùúgbò wa á mọ̀. Kọfí mi ló ń mu láràárọ̀.”

“Waino ò ríran mọ́, Màámi.”

“Imú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.”

Rodney ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti bá wọn sọ ọ́ nílé àwọn arúgbó kan nítòsí òun. Yàrá kan wà níbẹ̀ tó dára, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní í la igi níbẹ̀. Ó ní bí òun bá dé lọ́dún Àjíǹde tí òrùlé yìí bá ṣì ń jò, kí ìyá òun di ẹrù rẹ̀. Saima mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ò sọ ọ́ ṣeré. Rodney kì í ṣeré. Látìgbà tó ti wà lọ́mọdé ni kò ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ta ló máa wá tún òrùlé ṣe nínú yìnyín? Kòtò bàbà ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ti bá iṣẹ́ lọ sí gúúsù. Àwọn arúgbó àti àwọn ajá ló kù ní Alder Falls.

Nígbà tó di oṣù kejì, àwọn onísinimá dé láti California. Yìnyín ni wọ́n ń wá, ó sì wà níbẹ̀ bí ẹní kó o dà síta. Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Garrett Lomax. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó ń fi dígí dúdú rìn kiri nínú kùrukùru.

Waino Lahti, tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, bi Saima léèrè pé, “Wọ́n ní ó ń fi dígí bojú?”

“Ó ń fi bojú.”

“Ojú tèmi kò ríran, mi ò fi nǹkan bò ó. Tirẹ̀ ń ríran, ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Ayé.”

Lomax rìn gbogbo abúlé, ó wo ilé ooru gbogbo, ti Saima ló wù ú, nítorí ó dúdú, ó sì tẹ̀ díẹ̀. Ó jókòó ní kíṣíìnì Saima, ó mu kọfí, ó sì ṣàlàyé sinimá náà. Àwọn egbére kan wà. Wọ́n kéré, wọ́n burú, Kérésìmesì ni wọ́n ń jáde. Wọ́n á máa pa ará ìlú níkọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn á sì máa rẹ́rìn-ín.

“Èwo ni ẹ̀rín níbẹ̀?” ni Saima wí.

“Bí wọ́n ṣe ń pa wọ́n ni, Mama. Ẹ ó rí i.”

Ẹni tí egbére máa kọ́kọ́ pa, arúgbó obìnrin kan ni, tó lọ wẹ̀ nínú ilé ooru rẹ̀ ní òun nìkan. Wọ́n gbé òṣèré kan wá láti California fún un, wọ́n kun irun rẹ̀ ní funfun. Obìnrin náà fi aṣọ ìnura kan ṣoṣo jókòó sínú ilé ooru tí wọn ò dáná sí, nígbà tí ẹ̀rọ kan ń tu èéfín sí i lára. Òtútù wọ̀ ọ́ láyà, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Lomax dúró nínú ọgbà, ó ń gbọn ẹsẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó rí Saima lójú fèrèsé. Irun tiẹ̀ funfun láìkùn ún. Ó wọlé lọ bá a, ó ní kó wá rọ́pò òṣèré náà.

“Kí ni n óò ṣe?” ni Saima bi í.

“Ẹ ó jókòó. Egbére á yọ lábẹ́ pèpéle. Ẹ ó figbe ta. Á pa yín. Ó parí.”

Saima nawọ́ sókè. Lomax wo òkè, ó rí ibi tí omi ti ba àjà jẹ́.

“Ẹ ní káfíńtà?” ni Saima bi í.

“Àwọn káfíńtà wa ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan sórí pápá níbẹ̀ yẹn, tí a máa sun níná nígbà tó bá yá. Ọjọ́ kan ni wọ́n á fi tún òrùlé yín ṣe.”

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Saima rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Waino wá mu kọfí, ó fi ọ̀pá wá àga rẹ̀, ó jókòó. Ó ti gbọ́. Gbogbo abúlé ti gbọ́.

“Ọkọ rẹ wọ kòtò bàbà fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó kú,” ó ní. “Ìwọ, ọmọlángidi rọ́bà tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀ ló máa pa ọ́.”

“Òrùlé ni mo ń wá.”

“Mo mọ̀. Sinimá náà á dé Detroit. Rodney á rà tíkẹ́ẹ̀tì, á jókòó, á rí ìyá rẹ̀ tó kú sínú ilé ooru ní òun nìkan. Ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí náà ni. Á ní wọ́n tilẹ̀ ti yàwòrán rẹ̀.” Ó fi ẹnu kan kọfí. “Ṣúgà kò tó.”

Saima gbé ṣúgà sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà ti wọlé sí i lára bí ẹ̀gún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ó lọ wo egbére. Ọkùnrin tó ń lò ó ń jẹ́ Dwight Pomeroy, ọ̀pẹ́lẹ́ngẹ́, apárí, tó ń fi ọwọ́ di ẹ̀yìn mú bó bá ń dìde, torí abẹ́ tábìlì àti abẹ́ àga ni ó ti lo ayé rẹ̀. Ọmọlángidi rọ́bà ni egbére, ó tó ológbò ńlá. Dwight ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, egbére ṣẹ́jú, ó yọ eyín. Saima wò ó tẹ́rùn. Ó rí i pé wọ́n lẹ irùngbọ̀n funfun mọ́ ọn lágbọ̀n.

“Ta ló fi èyí sí i?”

“Ọ̀gá ni, Màámi. Ó gbọ́ níbi kan nínú ìlú pé ẹ ní àgbà kékeré kan tó ń gbé abẹ́ pèpéle. Ó ní òun ni ká fi ṣe é. Inú rẹ̀ dùn sí i gan-an.”

Saima rántí bàbá rẹ̀. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó máa ń sọ pé bí èèyàn bá ṣubú nínú ilé ooru, tontu ló ń gbé e dìde. Tontu yìí ni wọ́n fẹ́ sọ di apani, lábẹ́ pèpéle tí wọ́n bí Saima sí lórí. Ó jáde lọ bá Lomax nínú yìnyín.

“Mi ò kú mọ́,” ó ní.

“Ẹ ò ṣe kí ni?”

“Mi ò kú. N óò jókòó síbẹ̀, n óò wẹ̀, n óò ṣe ohun tó kù. Ṣùgbọ́n mi ò ní kú níbẹ̀ fún yín. Yọ irùngbọ̀n yẹn pẹ̀lú.”

Lomax bọ́ dígí. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sùn dáadáa. “Mama, bí ẹ ò bá kú, kò sí sinimá. Bí kò bá sí sinimá, kò sí òrùlé. Ẹ lọ rò ó. Láàárọ̀ ọ̀la la máa yà á.”

Saima lọ rò ó. Ó rò ó lẹ́bàá abọ́ tí omi ń kán sí. Bó bá kú, á ní òrùlé, Rodney á sì rí òkú rẹ̀. Bí kò bá kú, kò sí òrùlé, Rodney á dé lọ́dún Àjíǹde. Ọ̀nà méjèèjì, ilé arúgbó ló já sí. Nígbà tó rí i bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí a ti fẹ́ lé kúrò nílé, kí ló tún ń bẹ̀rù?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jí, ó lọ dáná sí ilé ooru.

Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò mọ ohun tí iná ń ṣe fún rọ́bà, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Àlejò ń bọ̀ ni, wọ́n sì ní kí ó jókòó sórí pèpéle lójú wọn. Kò sí ọmọ Finland kan ní Alder Falls tó lè mú àlejò wọ ilé ooru tó tutù. Bí ẹní gbé àwo òfìfo síwájú àlejò ni. Ó ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí òṣèré yẹn, ojú sì tì í fún wọn.

Nígbà tí Lomax rí ooru gidi tó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ èéfín kúrò. Ó rò pé arúgbó ti gbà. Wọ́n gbé kámẹ́rà sí yàrá ìbọ́ṣọ, ojú rẹ̀ kọjú sínú. Dwight wọ́ abẹ́ pèpéle lọ pẹ̀lú egbére lọ́wọ́.

“Màámi, ṣé kò ní gbóná jù?”

“Ìsàlẹ̀ ló tutù jù. Bí ó bá pọ̀ fún ọ, fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi.”

“Ẹ ṣeun.”

“Ṣé o ti jẹun?”

“Rárá, Màámi.”

“Míìtì-páì wà nínú ilé. Tí a bá ṣe tán.”

Lomax ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Saima jókòó, ó fi aṣọ ìnura ró àyà, ọwọ́ lórí orúnkún. Egbére yọ orí láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n. Ó yọ eyín. Ó na èékánná.

“Ẹ kígbe, Mama,” ni Lomax wí láti ẹ̀yìn kámẹ́rà.

“A kì í pariwo níbí,” ni Saima wí.

Ó wo egbére sílẹ̀, bí ìyá àgbà ṣe ń wo ọmọ tó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé.

“Ìwọ,” ó ní, “ta ló ní kí o wá? Èmi mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ yẹn. Ìwọ kọ́. Ẹni yẹn kì í pààyàn. Bẹ́ẹ̀, o lọ jí irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Ó dára. O ti wọlé. Ẹni tó bá wọlé níbí, ó gbọ́dọ̀ wẹ̀.”

Ó bu omi, ó dà á sí òkúta.

Ooru dìde. Irùngbọ̀n ló kọ́kọ́ lọ. Ó rọra yọ̀ lágbọ̀n egbére, ó bọ́ sílẹ̀. Saima tún da omi. Etí kan tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ojú kan yọ, ó rọ̀ sórí okùn. Dwight, òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò dúró. Ẹnu egbére ṣì ń ṣí, ó ń pa dé, bíi pé ó ń bẹ̀bẹ̀. Saima mú ìdì ewé tútù tí wọ́n fi ń na ara bí wọ́n bá ń wẹ̀. Ó na egbére lẹ́yìn, ó nà án léjìká, kò yára, kò sì bínú. Bó ṣe máa ń na Onni nígbà ayé rẹ̀ náà ni. Ó ní, “Yí ẹ̀yìn. Apá kejì.”

Nígbà náà ni nǹkan kan fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ju ìdì ewé sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú Dwight ní kọ́là, ó fà á yọ, ó fà á kọjá lára kámẹ́rà, kọjá lára Lomax, ó sì fà á jáde sínú yìnyín. Egbére ṣì wà lọ́wọ́ Dwight, ojú rẹ̀ ti so rọ̀ bí aṣọ tí a sá. Waino dúró níta pẹ̀lú ife kọfí. Ó gbọ́ bí nǹkan méjì ṣe balẹ̀.

“Èwo nínú wọn ló kú?” ó béèrè.

“Kò sẹ́ni tó kú,” ni Saima wí. Ó ń bu yìnyín sí Dwight láyà.

Dwight la ojú. Ó pọ́n bí ata. Ó wo ọ̀run fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ̀yìn mi,” ó ní.

“Ó ṣẹ́ ni?”

“Rárá. Kò dùn mí mọ́.”

Lomax jáde. Dígí rẹ̀ ti funfun pẹ̀lú ooru, ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà. “Ẹ ti ba egbére mi jẹ́,” ó ní.

“Mo wẹ̀ ẹ́ ni.”

“Kò sí òrùlé, Mama.”

“Mo ti gbọ́ ọ lánàá. Wọlé wá jẹun, ìwọ náà. O gbẹ.”

Lomax kò wọlé. Àwọn tó kù wọlé. Wọ́n jẹ míìtì-páì tán, wọ́n fọ abọ́ pàápàá.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti sun ṣọ́ọ̀ṣì orí pápá fún sinimá wọn. Ṣùgbọ́n yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lákòókò náà, iná kú, ẹ̀gbẹ́ kan ló jó. Ohun tí wọ́n ń wá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n di ẹrù, wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Dwight yà nílé Saima. Ó ń rìn gbọọrọ bí ọmọ ogun.

“Màámi, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, pákó gidi ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ tí iná ò dé ṣì wà dáadáa. Àwọn káfíńtà ní kẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ kó o.”

“Ọ̀gá rẹ mọ̀?”

“Ọ̀gá mi ti wọ ọkọ̀ òfuurufú.”

Saima di oúnjẹ fún un, ó sì lọ pe Waino.

Waino ní tirakítọ̀ tó dàgbà ju Rodney lọ. Saima ló ń wa ọkọ̀, Waino ló ń sọ fún un ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ. Wọ́n tú òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ayédèrú náà ní pákó pákó, wọ́n tò ó lé pátákó kan tí tirakítọ̀ ń wọ́ gba orí yìnyín. Bí yìnyín ṣe ń yọ́ ní orí ilé Saima, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gun àkàbà. Àwọn ará ìlú ń kọjá, wọ́n ń wò ó. Olùṣọ́-àgùntàn ní ó léwu. Saima ní kó gòkè wá kó wá bá òun ṣe é nígbà náà. Olùṣọ́-àgùntàn ní òun ní ìwàásù.

Ọ̀sán Sátidé tí Àjíǹde ku ọ̀la ni Rodney dé. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ilé, ìṣó lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́.

“Màámi, ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

Saima yọ ìṣó lẹ́nu. “Ó ku ìlà kan.”

“Ta ló di àkàbà mú?”

“Waino.”

“Waino ò ríran.”

“Àkàbà kò fẹ́ ojú,” ni Waino wí nísàlẹ̀. “Ọwọ́ ló ń fẹ́. Káàbọ̀, Rodney. O ti sanra. Mo gbọ́ ọ nínú ìrìn rẹ.”

Rodney gòkè láti lọ gbé ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé òkè, ìyá rẹ̀ fi pákó kan lé e lọ́wọ́. Kí ló máa ṣe? Ó dì í mú. Wọ́n kan ìlà náà tán. Òjò rọ̀ kó tó di àárọ̀, abọ́ gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rodney wo abọ́ náà títí.

“Òrùlé ni mo sọ,” ó ní nígbà tó ń lọ. “Òrùlé ti parí. Ṣùgbọ́n ti ilé ooru ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo ṣì ní kí wọ́n bá wa tọ́jú yàrá yẹn. Ká fi í di Kérésìmesì.”

Saima kò bá a jà. Ó mọ̀ pé ìjà náà kò tíì dé ibi tí wọ́n ti máa jà á.

Sinimá jáde nígbà Kérésìmesì lóòótọ́. Ọ̀sán tí Kérésìmesì ku ọ̀la ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní ìlú ńlá tó wà létí adágún. Gbogbo Alder Falls wọ ọkọ̀ lọ. Rodney ti dé. Kò fẹ́ lọ. Saima ní kó wọ kóòtù rẹ̀. Òun náà ti lọ dáná sí ilé ooru kí wọ́n tó lọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́jọ́ náà.

Wọ́n jókòó. Iná kú. Ilé ooru bàbá Saima yọ, ó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì. Saima yọ, pẹ̀lú aṣọ ìnura rẹ̀. Àwọn ará Alder Falls bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgúnpá gún ara wọn. Egbére yọ orí. “Ẹni tó bá wọlé níbí, ó gbọ́dọ̀ wẹ̀.” Wọn ò gé e. Lomax, ẹni tó kọ̀ láti tún òrùlé ṣe, fi gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: irùngbọ̀n, etí, ojú lórí okùn, “Yí ẹ̀yìn.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé ọkùnrin kan ṣubú kúrò lórí àga. Rodney pàápàá rẹ́rìn-ín. Saima gbọ́ ọ, ó sì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan yọ lábẹ́ pèpéle. Egbére mìíràn. Ó mú ẹsẹ̀ kan, ó fà á. Ìgbakọ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi arúgbó obìnrin kan hàn láti ẹ̀yìn, irun funfun, tó nà gbalaja sórí pèpéle. Ó ti kú. California ni wọ́n ti lọ ṣe ìyẹn.

Obìnrin kan ń sunkún lẹ́yìn. Rodney di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú nínú òkùnkùn.

“Màámi,” ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ rí i. Ohun tí mo ń sọ náà nìyí.”

Saima fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó dìde. Òjìji rẹ̀ bo sinimá láti òkè dé ilẹ̀.

“Ẹsẹ̀ yẹn kọ́ ni tèmi,” ó ní. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́. “Ẹsẹ̀ yẹn rẹwà jù. Pèpéle yẹn náà kì í ṣe ti bàbá mi, igi tuntun ni.”

Ẹnì kan ní kó jókòó.

“Mi ò jókòó. Èmi rèé. Wọ́n ní kí n kú, mo kọ̀. Wọ́n lọ fi igi àti irun pa mí níbòmíràn, ìyẹn kò kàn mí. Ilé ooru mi ti gbóná báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ kó máa bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo òkú, kó jókòó.”

Ó bọ́ sí ojú ọ̀nà, ó ń lọ. Waino ló kọ́kọ́ dìde.

“Ẹ jẹ́ n kọjá,” ó ní. “Mi ò kúkú rí sinimá yẹn.”

Ìlà kan dìde, ìlà kejì tẹ̀lé e.

Wọ́n wẹ̀ lọ́jọ́ náà bí wọn ò ṣe wẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn wọn àwọn obìnrin. Gbogbo èèyàn tó bá wọlé ń sọ pé, “Yí ẹ̀yìn,” wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Saima ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má pariwo. Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, ó ku Saima nínú. Rodney jókòó sí yàrá ìbọ́ṣọ, ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, kò lọ. Ó ń tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan síbẹ̀.

“Màámi?”

Ó ṣílẹ̀kùn gbàgà. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí pèpéle, ọwọ́ lórí orúnkún, ara rẹ̀ pọ́n, ojú rẹ̀ là.

“Pa á dé,” ni Saima wí. “Ooru ń jáde.”

Ó pa á dé. Ó tún jókòó. Ẹ̀rín gbé e, kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ ìnura dí ẹnu nítorí òfin ilé náà. Nígbà tó yá ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ dìde. Ó gbọ́ ìgbakọ nínú kórobá. Ó gbọ́ omi lórí òkúta, ẹ̀ẹ̀kan. Saima jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Rodney ò bi í pé ta ló ni ooru yẹn. Ó mọ̀.

“N óò sọ fún wọn,” ó ní, “kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní yàrá yẹn.”

“Yàrá wo?” ni Saima wí. Ó ń wá bàtà rẹ̀.